Alágbàfọ̀ Kemta Tí Iná Jó Láìmọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé aṣọ fún Sàlàhúdíìnì pé kó bá òun fọ̀ ọ́, imú ni yóò kọ́kọ́ gbé e sí kó tó gbé e sómi. Ó ní aṣọ kì í purọ́ fún imú. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe ní Kemta, ní Abẹ́òkúta wa, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀. Àwọn tíṣà, àwọn akọ̀wé kóòtù, àti àwọn alàgbà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n fẹ́ kí kọ́là ọrùn wọn le bíi pákó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń kó aṣọ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí ni òun. Irin tó fi ń lọ aṣọ tóbi, ó ní ìdérí, ògúnná ló sì máa ń kó sí i nínú. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ti irin lọ, bẹ́ẹ̀ ni imú rẹ̀ ń ṣọ́ ọ. Kí aṣọ tó pọ́n rárá, imú á ti sọ fún un, á sì ti gbé irin kúrò.

Ohun mìíràn tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ni ìbéèrè. Kí ló dé tí ọṣẹ fi ń hó nínú omi odò Ṣókórí ju bó ti ń hó nínú omi kànga lọ? Kí ló dé tí abẹ́ apá aṣọ tíṣà kan fi máa ń pọ́n, tí ti èkejì rẹ̀ kì í pọ́n, nígbà tó jẹ́ pé yàrá kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ? Bí kò bá rí ẹni bi, yóò bi ìyàwó rẹ̀, Àsíátù. Àsíátù a sì máa sọ pé, “Bàbá Ṣéhù, lọ́jọ́ tí ikú bá dé bá yín, ẹ ó kọ́kọ́ bi í pé ọ̀nà wo ló gbà wọlé.”

Ọdún tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń tú jáde nítorí owó-orí ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Sàlàhúdíìnì ń lọ ṣòkòtò funfun akọ̀wé kan, ó sì gbóòórùn pé nǹkan ń jó. Kíá ló gbé irin kúrò. Ó wo ṣòkòtò náà, ó funfun láú. Ó tún gbé irin lé e, òórùn náà tún dé, ó tilẹ̀ le ju ti ìṣáájú lọ. Ó gbé aṣọ kúrò lórí tábìlì, ó wo kúbùsù tó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan. Ó wo inú apẹ̀rẹ̀ aṣọ.

“Ìyá Ṣéhù!” ó ké. “Bá mi yẹ ilé ìdáná wò, nǹkan kan ń jó níbí.”

Àsíátù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó sì figbe ta.

“Ẹsẹ̀ yín! Bàbá Ṣéhù, ẹsẹ̀ yín ni!”

Ògúnná kan ti já bọ́ láti inú irin, Sàlàhúdíìnì sì ti fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èéfín ń rú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ọmọ ìka rẹ̀. Àsíátù tì í, ó ṣubú lé ìjókòó. Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé orúnkún, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ó fa igi kan yọ lára ìgbálẹ̀, ó fi gún ojú ibi tó jó.

“Kò dùn mí,” ló wí.

Bí ẹni tó rí nǹkan he ló ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Àsíátù kò gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wa mọ̀ fún ẹsẹ̀ tí kò mọ iná lára, kò sì sẹ́ni tó ń pe orúkọ náà nínú ilé ara rẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ni.

Àwọn ará ilé kò pè é, àmọ́ àwọn ará àdúgbò pè é. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn oníbàárà ti ń ránṣẹ́ wá gba aṣọ wọn, àwọn mìíràn tilẹ̀ gba èyí tí kò tíì gbẹ. Ní mọ́sáláṣí, Sàlàhúdíìnì fúnra rẹ̀ lọ dúró sí ìkángun ìlà ẹ̀yìn, kí ẹnì kankan má baà sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àsíátù wá láti Láfẹ́nwá, ó fà á sí kọ̀rọ̀ pé kó ya àwo oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Àsíátù dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ jinná, ó bù ú sínú àwo kan ṣoṣo, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ fi ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ̀rù ba Sàlàhúdíìnì, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù ti ń bà á, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń yí lọ yí bọ̀ nínú rẹ̀. Ó ti rí àwọn adẹ́tẹ̀ rí, wọ́n máa ń ní àmì tó mọ́ ju àwọ̀ ara wọn lọ. Ó bọ́ agbádá, ó ní kí Àsíátù wo ara òun níwájú àti lẹ́yìn. Àsíátù wò ó dáadáa, kò rí àmì kankan.

“Tí kò bá wá jẹ́ èyí, kí ni?” ló béèrè.

“Ẹ lọ béèrè níbi tí wọ́n ti lè dá yín lóhùn,” ni Àsíátù wí.

Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó bá níbẹ̀, Adétáyọ̀ lórúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá ni, kò tíì pẹ́ tó ti ìlú Òyìnbó dé. Ọmọdé ni lójú Sàlàhúdíìnì, ṣùgbọ́n ó mọ ènìyàn í kí. Ó gbọ́ ìtàn ògúnná náà tán, ó ní kí Sàlàhúdíìnì dùbúlẹ̀.

“Ẹ pa ojú dé, bàbá. N ó máa fi abẹ́rẹ́ kan ẹsẹ̀ yín. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lára, ẹ sọ pé ‘bẹ́ẹ̀ ni.’”

Sàlàhúdíìnì pa ojú dé, ó dúró títí.

“Dókítà, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?”

“Mo ti ṣe tán, bàbá.”

Dókítà yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, ó fi ọwọ́ tẹ ìgúnpá rẹ̀, níbi tí iṣan adẹ́tẹ̀ ti máa ń wú, ó ní òun kò rí ẹ̀tẹ̀ kankan. Ó wá béèrè bóyá òùngbẹ máa ń gbẹ ẹ́. Sàlàhúdíìnì ní ẹni tó ń dúró ti iná láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni kò ní jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́? Ó béèrè bóyá ó máa ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Sàlàhúdíìnì ní ẹni tó bá mu omi ni yóò tọ̀. Ó béèrè bóyá ó ti rù. Sàlàhúdíìnì ní òun ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ òun kò mọ ibi tí oúnjẹ náà ń gbà lọ.

“Èèrà ńkọ́?” ni dókítà wí. “Ṣé èèrà máa ń ṣù bo ibi tí ẹ bá tọ̀ sí?”

Sàlàhúdíìnì dìde jókòó. Ó pẹ́ tó ti ń wo àwọn èèrà náà lẹ́yìn ògiri ilé rẹ̀, ó sì ti ń rò ó pé kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀, tí wọn kò lọ sí ibi tí àwọn yòókù ń tọ̀ sí.

“Ta ló sọ fún yín?” ló béèrè.

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ tọ̀ sínú ife wá. Ó bu oògùn olómi kan sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó jọ omi búlúù tí Sàlàhúdíìnì máa ń kán sí aṣọ funfun gẹ́lẹ́. Ó kán ìtọ̀ díẹ̀ sí i, ó sì gbé e sókè iná àtùpà kékeré. Omi náà hó. Ó di àwọ̀ ewé, ó di àwọ̀ ọsàn, ó wá pọ́n bí ìkòkò amọ̀ tuntun. Sàlàhúdíìnì ti sún mọ́ ọn débi pé irùngbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iná.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe.”

Dókítà tún un ṣe, ṣùgbọ́n ìtọ̀ ara rẹ̀ ló lò lọ́tẹ̀ yìí. Omi náà hó, ó sì wà ní búlúù bó ti wà. Èyí wú Sàlàhúdíìnì lórí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

“Ẹ ṣeun,” ló wí. “Bí ẹ ò bá fi tiyín hàn mí, ǹ bá rò pé bí ti gbogbo ènìyàn ti máa ń ṣe nìyẹn.”

Dókítà wá ṣàlàyé. Àtọ̀gbẹ ni. Ó ní ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tó gùn gbọọrọ bí ahọ́n ewúrẹ́, òun ló ń ṣe omi tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ti Sàlàhúdíìnì ti ń kùnà, ṣúgà sì ń bá ìtọ̀ jáde. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ a máa kú, ẹni náà kò sì ní mọ ìgbà tó kú.

“Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?”

“N kò mọ̀, bàbá.”

“Ṣé àwa tó ní i pọ̀ ní ìlú yìí?”

“Ìyẹn náà, n kò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó ti wádìí rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Àwọn tó bá wá bá mi níbí nìkan ni mo mọ̀.”

Sàlàhúdíìnì ronú sí i. “Ṣùgbọ́n ẹni tí iná jó tí kò dùn ún, kí ni yóò wá ṣe lọ́dọ̀ yín?”

Dókítà fa ẹsẹ̀ náà mọ́ra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ojú egbò rẹ̀.

Egbò ẹsẹ̀ náà kò jinná bọ̀rọ̀. Wọ́n gé ọmọ ìka tó jó kúrò, ó sì pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ oògùn tó ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù, wọ́n ń wọn ẹ̀bà fún un bí ẹni ń wọn wúrà. Nígbà tó padà sílé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Ó ṣàlàyé fún àwọn ènìyàn títí, wọ́n ń mi orí, wọn kò gbé aṣọ wá. Ọjọ́ kan ni mọ́tò dókítà dúró sójúde. Adétáyọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àwọn kóòtù funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ lé Sàlàhúdíìnì lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ènìyàn, ó sì ní sítáàṣì wọn kò gbọdọ̀ le jù. Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, apẹ̀rẹ̀ aṣọ ti kún.

Ó wọ bàtà táyà báyìí bó bá ń lọ aṣọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Bó bá gbé aṣọ tó ti lọ̀ lọ fún oníbàárà, á kí onílé tán, á wá béèrè: “Ẹ dákun, ta ni iná jó rí nínú ilé yìí? Ṣé ó mọ̀ ọ́n lára, àbí kò mọ̀?” Ìdáhùn dókítà ni kò jẹ́ kó sinmi. Ó fẹ́ mọ àwọn tí kò wá.

Ní Kemta, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Àdúgbò Ìjemọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Ó wọ agbo ilé àwọn aláró kan, ó béèrè iye ààrò tó wà nínú ilé, iye obìnrin tó ń dáná, iye ẹni tó ti jóná. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Bùsírátù gbé aṣọ aró ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde.

“Ta ló rán ọ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.”

“O fẹ́ mọ̀! O fẹ́ ka iye obìnrin tó wà nílé yìí, kí o lè lọ sọ fún àwọn agbowó-orí! Ẹ wá o, ẹ wá wo ẹni tí wọ́n rán sí wa!”

Wọ́n yí i ká. Ẹnì kan ṣí fìlà lórí rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ hàn wọ́n, ó ń ṣàlàyé èèrà àti ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, bó sì ti ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ ń jọ irọ́. Wọ́n jẹ́ kó lọ, àmọ́ wọ́n kìlọ̀ pé kó má padà wá, fìlà rẹ̀ sì kù sọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tó ròyìn nílé, Àsíátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ọkùnrin kì í dédé wọlé lọ bi obìnrin bí iná rẹ̀ ṣe ń jó, Bàbá Ṣéhù. Pàápàá lọ́dún yìí! Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi.”

Àsíátù wà lára àwọn tó ń wọ́de owó-orí, àwọn obìnrin Ìjemọ̀ sì mọ ojú rẹ̀. Kò bi wọ́n ní iye. Ó jókòó tì wọ́n, ó bá wọn di aṣọ aró, ó sì ròyìn ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ fún wọn, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn. Bó ti wọlé pẹ̀lú fìlà ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Ọmọ kan fa ìkòkò ọbẹ̀ lulẹ̀ sórí ara rẹ̀. Ọmọ kan fi ìdí rìn sẹ́yìn títí ó fi jókòó sínú ẹ̀kọ gbígbóná. Ọmọ Bùsírátù fúnra rẹ̀ mu nínú omi sódà tó ń jó ènìyàn lára, tí àwọn aláró ń lò, ó rò pé omi mímu ni, láti ìgbà náà kò lè gbé oúnjẹ líle mì mọ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan ń fẹ́ iná, ìró rẹ̀ gbiná.

Sàlàhúdíìnì gbọ́ títí, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

“Èyí kọ́ ni mo ń wá, Ìyá Ṣéhù. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lára ni mo ń wá.”

“Èyí ló wà níbẹ̀ o,” ni Àsíátù wí. “Àwọn tó mọ̀ ọ́n lára ló pọ̀. Ọmọdé sì ni wọ́n.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ jókòó síwájú ààrò Àsíátù, ó wá fi ìdí wọ́ nílẹ̀ bí ọmọ tó ń rá. Ojú rẹ̀ bá ẹnu ìkòkò dọ́gba.

“Àwọn ilé tí ọmọ ti jóná yẹn,” ló béèrè, “ibo ni ààrò wọn wà?”

“Nílẹ̀ ni. Níbo ni ààrò tún ń wà?”

Ṣùgbọ́n Àsíátù dúró, ó ronú. Ó rántí pé òun ti rí ilé mélòó kan tí wọ́n ti fi amọ̀ mọ pèpéle, tí ààrò sì wà lókè rẹ̀. Kò rántí pé òun gbọ́ ìtàn ọmọ tó jóná níbẹ̀.

Sàlàhúdíìnì gbé ọ̀rọ̀ náà tọ dókítà lọ nígbà tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ti mú olè. Dókítà fetí sílẹ̀ dáadáa, ó wá béèrè irú àwọn tó ń gbé nínú àwọn ilé tí ààrò wọn ga yẹn. Sàlàhúdíìnì ní oníṣòwò ni wọ́n, ẹni tó rí já jẹ.

“Ẹni tó rí já jẹ máa ń ní ọmọ ọ̀dọ̀, ìbátan a sì pọ̀ nílé,” ni Adétáyọ̀ wí. “Ṣé kì í ṣe pé àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ ọmọ, tí kì í ṣe ààrò?”

Ẹnu ya Sàlàhúdíìnì. Kò ro ti ìyẹn rárá. Ní gbogbo ọ̀nà ilé, ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀: àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ni, tàbí ààrò ni? Àsíátù kò jẹ́ kó gbé e sọ́kàn pẹ́. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àwọn wá ilé tálákà tí ààrò rẹ̀ ga. Ó sì mọ ibi tí irú rẹ̀ wà, létí odò Ṣókórí, níbi tí omi ti máa ń wọlé nígbà òjò tí onílé kò fi lè dáná nílẹ̀. Ó lọ síbẹ̀. Àwọn obìnrin ibẹ̀ kò ní olùrànlọ́wọ́ kankan, àwọn nìkan ló ń dáná, àwọn nìkan ló ń tọ́jú ọmọ. Ọmọ kan ti jóná níbẹ̀ rí, ọmọ tó ti tó gun àpótí. Àwọn tó ń rá kò jóná.

Dókítà ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì tó ohun tí òun lè fi búra, ṣùgbọ́n bí òun bá ní ìyàwó, òun yóò mọ pèpéle fún un.

Àsíátù ló kọ́kọ́ gbé ààrò tirẹ̀ sókè. Àwọn kan ní gbígbé ìkòkò sókè yóò ṣẹ́ wọn lẹ́yìn, wọ́n fi tiwọn sílẹ̀ bó ti wà. Bùsírátù mọ tirẹ̀, ó sì sọ fún gbogbo agbo ilé aláró pé igbá sódà kò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀ mọ́. Ọmọ ṣì ń jóná ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn náà, kò tán. Ní àwọn ilé tí Àsíátù ń wọ̀, ó dín kù lójú wa.

Àwọn tí kò mọ iná lára ńkọ́? Nínú gbogbo ìrìn náà, ẹnì kan péré ni Àsíátù gbúròó rẹ̀, Alàgbà Túbọ̀sún, ará ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Òtútù mú un, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣí. Ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé Olúwa ló fún òun ní agbára tí òun kò fi jẹ̀rora. Sàlàhúdíìnì ló ń lọ kọ́là rẹ̀, ó gbé e lọ fún un.

“Ẹ kú ara líle, Alàgbà. Ẹ má bínú, ṣé èèrà máa ń ṣù sí ibi tí ẹ bá tọ̀ sí?”

Alàgbà gba kọ́là lọ́wọ́ rẹ̀. “Sàlàhúdíìnì, kọ́là mi ni mo gbé fún ọ. N kò gbé ìtọ̀ mi fún ọ.”

Ó ní kó máa lọ. Sàlàhúdíìnì tọrọ àforíjì, ó lọ. Ìgbà tó yá, ẹnì kan gbé ìdì aṣọ Alàgbà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àárín aṣọ náà ni ìgò jíńnì kan wà tí wọ́n fi bébà ìròyìn wé, ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe jíńnì. Alàgbà ránṣẹ́ pé ti ẹnì kan tí òun mọ̀ ni. Sàlàhúdíìnì gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó dúró tì í, ó ń wo iná àtùpà. Omi náà pọ́n bí amọ̀.

“Ẹ sọ fún ẹnì kan tí Alàgbà mọ̀ yẹn pé kó wá,” ni dókítà wí, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Alàgbà lọ. Wọn kò gé nǹkan kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí ó tètè dé.

Wọ́n gbé Adétáyọ̀ lọ sí ìlú mìíràn nígbà tó ṣe. Sàlàhúdíìnì pẹ́ láyé lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ di bàìbàì, tí Àsíátù fi di ẹni tó ń lọ aṣọ, tí òun sì ń jókòó tì í. Láràárọ̀, kí ó tó wọ bàtà, ìyàwó rẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan, á yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò láti gìgísẹ̀ dé ìka. Ọjọ́ kan ló bá píìnì kan níbẹ̀, tó ti wọlé dé orí.

“Láti ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?” ni Sàlàhúdíìnì béèrè.

“Bàbá Ṣéhù, ẹsẹ̀ ta ni?”

Ó ní ẹsẹ̀ òun ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Àsíátù ni òun ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Àsíátù fa píìnì náà yọ, ó fi iyọ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ojú ibẹ̀, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ omi náà wò.